Ọjọ́ Tí Sáfà Moróunkẹ́ Kọ̀, Tí Kò Dìde

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Moróunkẹ́ Ògúnjìmí jẹ́, ẹ wo bó ṣe ń ti ilẹ̀kùn. Á tì í, á fà á wò, á rìn dé ojú títì, á tún padà wá fà á wò. Ọmọ Ṣakí ni, inú ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ló gbé e wá sí Ìbàdàn. Ó kàwé tán, kò kúrò ní Agbowó. Ó ní ariwo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í jẹ́ kí òun ronú jù. Irọ́ ni. Kò sí ariwo tó lè dí Moróunkẹ́ lọ́wọ́ àníyàn.

Iṣẹ́ tó ń ṣe náà sì bá a mu. Láàbù aládàáni kan wà ní Jẹ́ríkò tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, tí wọ́n sì ń fa ẹ̀jẹ̀ sí aláìsàn lára. Moróunkẹ́ ló ń tọ́jú sáfà wọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà kan tó ń lo Linux, tí orúkọ gbogbo aláìsàn àti èsì àyẹ̀wò wọn wà nínú rẹ̀. Sáfà kejì tó ní gbogbo rẹ̀ bákan náà wà ní yàrá òkè. Wọn kì í ṣí ètò èsì tí wọ́n fi ń ka àwọn nǹkan wọ̀nyí lórí ìyẹn àfi bí ti ìsàlẹ̀ bá dákú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Dàmọ́lá, ló kọ ètò náà fún wọn kó tó jápa lọ sí Kánádà.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, Moróunkẹ́ kà á lórí fóònù pé àwọn olè ti rí ihò kan tí wọ́n lè gbà wọ inú irú sáfà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Kó tó di ọ̀sán, ó ti fa ẹ̀dà tuntun àwọn ègé inú Linux sórí sáfà méjèèjì, ó sì ti pa àwọn ẹ̀dà àtijọ́ rẹ́ kí àyè lè gbà. Ó wo ètò èsì, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó lọ jẹ ẹ̀wà àgànyìn.

Ní Ọjọ́bọ̀, iná lọ. Ìyẹn kì í ṣe ìròyìn. Ṣùgbọ́n ínfátà tó yẹ kó gbé iṣẹ́ náà dákẹ́ lójijì, gbogbo kọ̀ǹpútà ìsàlẹ̀ sì kú pátá kí jẹnẹrétọ̀ tó gbéra. Àwọn yòókù tàn padà. Sáfà náà tàn, ṣùgbọ́n ètò èsì kọ̀, kò dìde. Moróunkẹ́ tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀. Kò dìde.

"Iná ni," gbogbo wọ́n wí. Moróunkẹ́ náà wí bẹ́ẹ̀. Nílùú yìí, bí fíríìjì bá kú, iná ni. Bí tẹlifíṣọ̀n bá ń ṣẹ́jú, iná ni. NẸ́PÀ ti fìyà jẹ wá débi pé a kì í bi nǹkan mìíràn léèrè mọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe Olúwaníyì tó máa ń bá wọn tún iná ṣe. Ó dé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì tú ínfátà palẹ̀.

Ọjọ́ náà kì í ṣe ọjọ́ à ń dúró. Ọmọ ọdún méje kan, Olúwadárasími, wà lórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá tó kángun sí láàbù. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá a jà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ètè rẹ̀ sì ti funfun. Bọ́láwárìn, ìyá rẹ̀ tó ń ránṣọ ní Challenge, ló gbé e dé láàárọ̀. Nígbà kan tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ náà lára, ara rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ó gbọ̀n, ó gbọ̀n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni irú ẹ̀jẹ̀ tí kò gbọdọ̀ gbà ti wà nínú ètò èsì.

Bàbá Àlàó, ọ̀gá láàbù, ti yẹ àpò ẹ̀jẹ̀ kan wò. Lójú àyẹ̀wò, ó bá ti ọmọ náà mu. Wọ́n gbé e sórí tábìlì, wọ́n sì dúró tì í.

"Ohun tí ara ọmọ yìí fi ń ja ẹ̀jẹ̀ tó kọ̀ nígbà yẹn lè sá pamọ́ fún àyẹ̀wò," wọ́n sọ fún Moróunkẹ́. "Mi ò rántí èyí tó jẹ́. Bí mi ò bá rí èsì àtijọ́ yẹn, ẹ̀rù á máa bà mí láti fà á. Bí mi ò bá sì tètè fà á…" Wọ́n wo ọ̀nà yàrá ọmọ náà. "Moróunkẹ́, mo bẹ̀ ọ́, yára."

Ó sáré padà sọ́dọ̀ Olúwaníyì.

"Àǹtí Moróunkẹ́, bátìrì kan ló ti rẹ̀ níbí. Mi ò rí nǹkan mìíràn tó ṣe é."

"Wò ó dáadáa, Níyì! Ó ti jó nǹkan nínú sáfà mi!"

"Mo ti wò ó, Àǹtí."

"Tún un wò!"

Ẹni tí kì í jágbe mọ́ ènìyàn ló ń jágbe yẹn. Ó fi Olúwaníyì sílẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè. Ó yẹ kó ti lọ láti ìgbà yìí wá, ṣùgbọ́n ojora kì í jẹ́ kéèyàn ronú létòlétò. Sáfà òkè kò sí lórí ínfátà yẹn. Ó ní bátìrì tirẹ̀, iná tó lọ kò sì kàn án rárá. Ó ṣí ètò èsì níbẹ̀.

Kò dìde.

Ọ̀rọ̀ kan náà tó ti wà lójú sáfà ìsàlẹ̀, tí kò tilẹ̀ fara balẹ̀ kà, ló tún jáde: ètò náà ní òun ń wá ègé kan tí òun máa ń yá lò nínú kọ̀ǹpútà, òun ò rí i. Iná kò dé ibí. Ọwọ́ ta ló wá dé ibí?

Ọwọ́ òun ni. Láti ọjọ́ Ajé ló ti pààrọ̀ ègé náà. Ẹ̀dà àtijọ́ tí ètò ìsàlẹ̀ ti mú dání kí ó tó pààrọ̀ rẹ̀ ló ṣì ń bá ṣiṣẹ́. Ìgbà tí iná bì í ṣubú, tó fẹ́ dìde, ló tó mọ̀ pé ohun tí òun ń fara tì kò sí mọ́.

Ó pe Dàmọ́lá. Fóònù dún, ó dún títí, ilẹ̀ kò tíì mọ́ ní Kánádà. Íńtánẹ́ẹ̀tì láàbù ti bá iná lọ, kò tíì padà dé. Ó tan dátà fóònù rẹ̀, ó dúró síbi fèrèsé àtẹ̀gùn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń mú, ó ń wá ẹ̀dà àtijọ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ pa rẹ́. Ó rí i. Ẹ̀dà náà ń wọlé díẹ̀díẹ̀, ó dúró. "Jọ̀ọ́," ó ń bẹ fóònù. Nísàlẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn Bọ́láwárìn tó ń ka Sáàmù láìwo ìwé, bí wọ́n ti máa ń ṣe ní ìjọ Aládùúrà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Moróunkẹ́ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò ráyè nù ún.

Nígbà tí ègé náà wọlé tán, ó dá a padà sí àyè rẹ̀ nínú sáfà òkè, ó ṣí ètò. Ó dìde. Moróunkẹ́ ń ké láti orí àtẹ̀gùn pé, "Bàbá, ó ti ṣí! Ẹ wá wò ó!"

Bàbá Àlàó ka ohun tó wà níbẹ̀. Wọ́n mú díẹ̀ nínú àpò orí tábìlì, wọ́n wá ohun tí ètò dárúkọ nínú rẹ̀, wọ́n sì rí i. Ẹ̀jẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ yìí lẹ́ẹ̀kan ni. Wọ́n gbé e padà sínú fíríìjì, wọ́n sì lọ wá òmíràn.

Ìgbà tí wọ́n gbé àpò tó tọ́ kọ́, tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kán, Bọ́láwárìn jáde wá, ó kúnlẹ̀ níwájú Moróunkẹ́.

"Àǹtí, ẹ ṣé. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ tún un ṣe. Iná yìí ì bá pa mí lọ́mọ."

Olúwaníyì wà níbẹ̀, ó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ, ó dorí kodò bí ẹni tí wọ́n mú pẹ̀lú ẹrù olè. Moróunkẹ́ wò ó. Òun náà kúnlẹ̀.

"Iná kọ́, Ìyá Dárasími. Níyì ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo bà á jẹ́ lọ́jọ́ Ajé, mi ò sì mọ̀. Ẹ má bínú."

Bọ́láwárìn dìde, ó wọ yàrá lọ. Moróunkẹ́ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń retí èébú, ó ń retí ìgbátí pàápàá. Ó gbọ́ tí àga oníke kan ń họ ilẹ̀.

"Wọ́n ní ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé yìí ni ara rẹ̀ lè kọ̀ ọ́," Bọ́láwárìn wí láti inú yàrá. Ó ti gbé àga kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Èmi nìkan ò lè máa ṣọ́ ọ. Ẹ wá jókòó."