Qúdrát, Ọmọ Tí Wọ́n Ní Ààwẹ̀ Ló Pa

Ẹni tó bá wọ àdúgbò wa ní Ayétòrò lónìí, tó bèèrè ohun tó pa ọmọ mi Qúdrát, wọ́n á sọ fún un pé ààwẹ̀ ni. Wọ́n á ní ọmọ tó fẹ́ràn Ọlọ́run ni, Ọlọ́run sì tètè fẹ́ ẹ padà sọ́dọ̀. Àwọn tí kò gba ìyẹn gbọ́ a máa sọ ọ́ sábẹ́ ètè pé ayé ló ṣe é. Èmi tí mo bí i kì í bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń se oúnjẹ tí kò jẹ, mo sì mọ bó ṣe lọ.

Gàrí ni mò ń dín. Ẹ̀yìn ilé ni agbada mi wà, ibẹ̀ náà ni Qúdrát ti kọ́ ìrìn. Bí mo bá ti sẹ́ gàrí tán, á ti na ọwọ́, á bù ú, á máa fẹ́ ẹ lọ́wọ́ títí yóò fi tutù, á dà á sẹ́nu. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ara rẹ̀ ń dán. Bàbá rẹ̀, kí Ọlọ́run forí jì í, a máa gbé e sórí ẹsẹ̀, a ní, "Ẹ wá wo ìyàwó olówó." Ní ìlú tiwa, bí o bá pàdé ẹni tó ti pẹ́ tí o rí, tí o sọ fún un pé ó ti sanra, inú rẹ̀ á dùn, á ní kí o tún un sọ. Bí o bá ní ó rù, á délé, á wojú nínú dígí. Inú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni mo bí ọmọ mi sí.

Nígbà tó jáde sẹ́kọ́ńdìrì, ó ní iṣẹ́ aránṣọ lòun fẹ́ kọ́. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ Dárasími, ọmọbìnrin kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú títì tó lọ sí Ìláró. Ọmọ tíṣà ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níbi iṣẹ́. Bí Dárasími bá rán aṣọ tán, kì í fi kọ́ ara ògiri bí ti ayé àtijọ́. Á ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ wọ̀ ọ́, á yà á pẹ̀lú fóònù, á gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo ayé rí i. Ẹni tó bá tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n ń pè ní lẹ́pa, ni í wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá lára, ọ̀rọ̀bọ̀ ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa lọ aṣọ.

Lọ́jọ́ kan Qúdrát ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí èmi náà wọ èyí."

Dárasími ní, "Ìwọ ọ̀rọ̀bọ̀? Ṣé kí n wá tún un tú ni? Jọ̀ọ́, bá mi gbé áyọ́ọ̀nù wá."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín, Qúdrát náà bá wọn rín in. Ó délé, ó sọ ọ́ fún mi, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín, èmi náà bá a rín in. Kò sí ìjà ńbẹ̀. Dárasími fẹ́ràn rẹ̀.

Lukman, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ láti ibí sí Ìdí-Ìrókò, ló ra fóònù fún un. Láti ìgbà náà ni ó ti ń fi àwọn ọmọbìnrin kan hàn mí nínú rẹ̀, wọ́n á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, wọ́n á fa ikùn wọlé.

"Màmá, ẹ wo ikùn ẹni yìí. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ."

Mo ní, "Ṣé ara rẹ̀ yá?"

"Màmá. Wọ́n ń sanwó fún un torí bó ṣe rí ni."

"Kí wọ́n fi owó náà ra ẹ̀bà fún un."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n téèpù tí aránṣọ ń fi kọ́ ọrùn, kò bọ́ ọ sílẹ̀ mọ́ bó bá ti ṣọ́ọ̀bù dé. Mo máa ń rí i lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń fi wọn ìbàdí ara rẹ̀, á wọ̀n ọ́n, á tún un wọ̀n, bí ìgbà tí oníbàárà tó le bá ń bọ̀ wá gba aṣọ.

Ààwẹ̀ Ràmàdáánì dé. Gbogbo wa gbà á. Nígbà ìṣínu, tí àwa ń jẹ ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀, omi àti dàbínù ni tirẹ̀. Ó ní inú òun ti kéré. Kí oṣù tó lé, ó ti fọn. Dárasími gbé aṣọ kan wọ̀ ọ́, ó yà á, ó gbé e síta. Qúdrát mú fóònù wá bá mi nídìí agbada, ó ń ka ohun tí àwọn tí a kò mọ̀ rí kọ sábẹ́ rẹ̀ sí mi létí. Arẹwà. Ìdí bẹbẹrẹ, ikùn kò sí. Lẹ́pa tó gbayì. Ojú rẹ̀ ń tàn. Mi ò tíì rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú.

Ààwẹ̀ parí, tirẹ̀ kò parí. Obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í gbààwẹ̀, ó máa ń san án padà tí oṣù bá ti lé ni. Qúdrát san tirẹ̀. Ó tún gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́fà ti Ṣàwálì, oṣù tó tẹ̀ lé Ràmàdáánì, lé e. Ó wá ń gba ti ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Nígbà tó yá, mi ò mọ ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ààwẹ̀ mọ́. Bí mo bá ní kó wá jẹun, á ní òun ti jẹ ní ṣọ́ọ̀bù. Bí Dárasími bá ra ìrẹsì, á ní òun gbààwẹ̀. Híjàábù ńlá àti jàlàmíà fífẹ̀ ló wá ń wọ̀, a sì rò pé ẹ̀sìn ló wọ̀ ọ́ lára.

Ní àsàlàtù, Àfáà Bàrúwà ní kó dìde. Ó ní kí àwọn ìyá wo ọmọ yìí, pé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ búrẹ́dì kiri títì, òun ń fi ebi wá ojú Ọlọ́run. Àwọn obìnrin yíjú sí mi, wọ́n ń kí mi. Orí mi wú. Láti ọjọ́ náà ni Mẹ̀dínátù, ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù ní ṣọ́ọ̀bù wọn, ti ń tẹ̀ lé e kiri. Bí Qúdrát bá ń gbààwẹ̀, òun náà á gbà á. Ìyá rẹ̀, tó ń ta aṣọ òkìrìkà, dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé ọmọ mi fi ọ̀nà han tirẹ̀.

Ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ tú àṣírí náà fún mi. Mo ṣàkíyèsí pé bí Qúdrát bá ti gba ẹ̀yìn ilé kọjá, àwọn ewúrẹ́ àdúgbò á tò tẹ̀ lé e. Mo lọ wo ibi tí mò ń da èèpo ẹ̀gẹ́ sí. Ẹ̀bà tí mo gbé fún un láàárọ̀ ló wà ńbẹ̀ nínú ọ̀rá, tẹran tẹran.

Mo ní, "Qúdrát, kí lèyí?"

Ó ní, "Ó ti kan ni, Màmá."

"Ẹ̀bà àárọ̀ yìí?"

Ó ń tẹ fóònù.

Ó ní kí Lukman bá òun ra tíì kan ní Ìdí-Ìrókò. Lukman rà á. Mo bi í pé kí ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, ó ní, "Màmá, Faransé ni. Wọ́n ní inú ló ń fọ̀. Ṣebí ó ní ìgbẹ́ ò yọ dáadáa." Òun náà fi inú kan rà á. Tíì náà fọ inú rẹ̀ débi pé ó máa ń di ògiri mú bó bá ń ti ilé ìyàgbẹ́ bọ̀.

Ràmàdáánì mìíràn tún dé. Ilé tí obìnrin pọ̀ sí, a máa ń mọ ẹni tí kò gbààwẹ̀ lọ́jọ́ wo. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin á lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, wọ́n á jẹ àjẹkù sàárì, a ó ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Qúdrát kò lọ sẹ́yìn ilé ìdáná lẹ́ẹ̀kan. Ó gba oṣù náà já láìfo ọjọ́ kan. Àfáà tún fi í ṣe àpẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n èmi jókòó nídìí agbada, mo ń ro gàrí, ọ̀rọ̀ náà ṣàdédé sọ sí mi lọ́kàn. Ọ̀dọ́bìnrin wo ló ń gba gbogbo ọjọ́ Ràmàdáánì?

Mo pè é. Mo ní, "O ò ṣe nǹkan oṣù ni?"

Ó ní, "Ó ti dáwọ́ dúró tipẹ́. Ó tiẹ̀ dáa bẹ́ẹ̀, Màmá, mi ò ní í jẹ gbèsè ààwẹ̀."

Ohun tí ẹnikẹ́ni lára wa máa rò náà ni mo rò. Mo pe Lukman. Lukman dé pẹ̀lú ìbínú.

"Ta ló fún ọ lóyún?"

Qúdrát wò ó. Ó rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

"Oyún, Ẹ̀gbọ́n mi? Nínú ikùn wo?"

Ó gbé jàlàmíà rẹ̀ sókè. Egungun ìhà ọmọ mi ni mo rí, mo lè kà wọ́n. Irun wínníwínní ti hù bo ikùn rẹ̀ bíi ti ọmọ tuntun. Lukman yí ojú sí ògiri, kò lè yí i padà.

Síbẹ̀ a gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, torí a kò mọ ohun mìíràn tí à bá ṣe. Kò sí oyún. Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tẹ́tí sí àyà rẹ̀, ó ní kó jáde ná. Ó ní, "Màmá, ebi ló ń pa ọmọ yín."

Inú bí mi. Mo ní, "Èmi tí mò ń dín gàrí tí gbogbo Ayétòrò ń jẹ? Ebi kí ni?"

Ó ní, "Kì í ṣe ebi àìrí jẹ. Oúnjẹ ń bà á lẹ́rù. Ara tí kò rí jẹ ló dá nǹkan oṣù dúró, kí ó lè máa fi ìwọ̀nba tó kù mí. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá, ẹ má dúró."

Ní ọsibítù, wọ́n fa omi sí i lára. Dókítà ní àìsàn ni, pé ó ní orúkọ, pé àwọn ọmọbìnrin púpọ̀ ló ń ṣe lókè òkun, ó sì ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ní kí n má ṣe bú u, kí n má sì ṣe fi tipátipá fún un. Bí àwọn dókítà bá ti jáde, mo máa ń po ògì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, màá gbé ṣíbí sí i lẹ́nu.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Bí mo bá jẹ ẹ́, màá padà di ọ̀rọ̀bọ̀."

"Ọ̀rọ̀bọ̀ ni mo bí. Òun ni mo fẹ́ gbé lọ sílé."

"Ẹ ò rí mi ni? Ẹ wo itan mi bó ṣe tóbi."

Itan tó ń fi hàn mí, kò tó ọwọ́ mi. Ojú rẹ̀ sì dá ṣáká, kì í ṣe irọ́ ló ń pa. Ohun tó ń rí nìyẹn. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù bà mí dé egungun, torí bí ọmọ bá ń purọ́, mo lè bá a jà. Mo kúnlẹ̀. Èmi tí mo bí i kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì ọsibítù níwájú rẹ̀, mo gbé ṣíbí sókè. Àwọn tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì bo ojú. Ó sunkún, ó ní, "Ẹ dìde, Màmá, ẹ dìde, ẹ má ṣe èyí fún mi." Ó gba ògì náà, ó gbé e mì bí ẹni ń gbé òkúta mì.

A padà sílé. Ọjọ́ mìíràn á jẹun, èmi á ti gba pé ó ti tán. Ọjọ́ mìíràn á kàn máa fi ọwọ́ fa ọbẹ̀ káàkiri inú abọ́. Ó tún ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Dárasími ti pa gbogbo fọ́tò rẹ̀ rẹ́, ó ń ra mínírà fún un, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ kan, Qúdrát jókòó sídìí maṣíìnì, ó ń rán ọwọ́ aṣọ, ó gbé orí lé e bí ẹni tó fẹ́ sinmi díẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ló dúró. Wọn kò tíì gbé e dé ọsibítù tí ó ti kú.

Àwọn obìnrin àsàlàtù ló wẹ̀ ẹ́. Àwọn obìnrin wọ̀nyí kì í dákẹ́ nídìí òkú, wọ́n máa ń ṣe àdúà, wọ́n máa ń fún ara wọn láṣẹ. Nígbà tí wọ́n ká aṣọ kúrò lára rẹ̀, ohùn kò jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹnìkan ṣoṣo ló gbé e dìde kí wọ́n lè da omi sí i lẹ́yìn.

Lọ́jọ́ fìdáù, Àfáà Bàrúwà wàásù. Ó ní ẹnu ọ̀nà kan wà ní àlùjánnà tó jẹ́ ti àwọn tó ń gbààwẹ̀, pé ibẹ̀ ni Qúdrát gbà wọlé. Àwọn ènìyàn ń ṣe àmín. Mi ò ṣe é. Mò ń wo bí wọ́n ṣe ń gbé ìrẹsì sàárà yíká, mo rí Mẹ̀dínátù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ pẹ̀lú híjàábù ńlá. Ó gba abọ́ tirẹ̀, ó rọra tì í sábẹ́ bẹ́ǹṣì.

Mo lọ jókòó tì í. Mo ní, "Mẹ̀dínátù, jẹun."

Ó ní, "Mo gbààwẹ̀, Màmá."

"Lónìí, ọjọ́ Àìkú?"

"Mò ń san gbèsè ni."

Mo mú ọwọ́ rẹ̀ nínú híjàábù. Ìka mi yí i po, ó tún lé. Mo yíjú sí ìyá rẹ̀, mi ò sì rẹ ohùn sílẹ̀. Mo ní, "Ìgbà wo lọmọ yìí ṣe nǹkan oṣù gbẹ̀yìn?"

Ó ní, "Ẹ̀yin Ìyá Lukman, ṣé ibí la ti ń sọ irú ẹ̀?"

"Ibí ni. Mo ní ìgbà wo?"

Àfáà dá ọ̀rọ̀ dúró. Àwọn obìnrin tó wẹ ọmọ mi ń wò wá. Ìyá náà wo ọmọ rẹ̀, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Kò mọ̀. Mi ò fi ọwọ́ Mẹ̀dínátù sílẹ̀.