Orin Okinawa Tí Mo Gbé Lọ Síbi Ìkómọ

Nígbà ooru, tí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ bọ̀ láti Crossness, gbogbo wa ní Thamesmead la máa ń sáré ti fèrèsé, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ omi ìdọ̀tí London. Ṣùgbọ́n kíṣìnì ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mummy mi ti ń ṣiṣẹ́ ní Woolwich, atalẹ̀ àti ẹja díndín ló máa ń ta sánsán níbẹ̀. Auntie kan tó wá láti Okinawa, erékùṣù kan lábẹ́ Japan, ló ń dáná fún wọn, oúnjẹ tiẹ̀ fúnra ẹ̀ ló sì máa ń ta báyẹn. Mo ń dúró kí mummy parí iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ìyà ńlá sì nìyẹn fún mi, torí bọ́ọ̀sì gan-an mi ò lè dúró dè, mo máa ń fẹsẹ̀ rìn ni. Ni mo bá gbọ́ orin kan nínú rédíò kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Gìtá olókùn mẹ́ta kan ń ta pọ́ún-pọ́ún bí òjò tó ń kán sórí páànù, obìnrin kan ń lé orin, àwọn tó kù ń gbè é, ẹnì kan sì ń súfèé láàárín wọn.

Mo ní, “Auntie, orin Japan yìí mà dùn o!”

“Okinawa,” ó dá mi lóhùn. “Tí wọ́n bá pè ẹ́ ní òyìnbó torí pé London lò ń gbé, ṣé wàá jẹ́?”

Ẹ̀rín pa mí. Láti ọjọ́ yẹn mi ò ṣì í pè mọ́. Ó ní lọ́hùn-ún kò sí ọmọdé tí kò mọ ẹgbẹ́ olórin yẹn. North Woolwich ló ń gbé, nígbà tí wọ́n sì ṣíwọ́, mo bá a wọ ferry ọ̀fẹ́ tó ń gbé èèyàn àti mọ́tò sọdá odò Thames, bẹ́ẹ̀ mi ò níbi tí mò ń lọ. Ó ní rédíò kásẹ́ẹ̀tì kékeré tó ń wọ àpò, a pín ohun tí wọ́n ń kì bọ etí gbọ́ ọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní orin tó rọra ń lọ yẹn ni kí n máa kọ́kọ́ gbọ́, pé èyí tó yára, ìparí òde ló wà fún, kò sì sẹ́ni tó ń jókòó tó bá ti dún. Ló bá na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń yí ọrùn ọwọ́ bí ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn méjì pọ̀. Àwọn awakọ̀ ń wò wá. Èmi náà na tèmi. Ta ló fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ. Ọkọ ẹ̀ ń wá DJ fún ìkómọ. Ọmọkùnrin kan wà ní Abbey Wood tó ní sípíkà méjì tó ga tó fíríìjì, ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n fi iṣẹ́ náà fún mi, pé mo máa lu orin tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí. Ni ọmọ Abbey Wood bá sọ níwájú gbogbo àwọn boys pé, “Bruv, tí orin ẹ bá já kulẹ̀, èmi ni mo ni gbogbo òde estate yìí o.” Mo ní mo gbà. Orúkọ mi ni mo fi ta tẹ́tẹ́ yẹn.

Ọjọ́ pé. Mo ki kásẹ́ẹ̀tì tí mo yá lọ́wọ́ Auntie Okinawa bọ inú ẹ̀rọ, mo tẹ orin àkọ́kọ́. Kò tíì dé àárín tí Daddy wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú sùtánà funfun wọn, fi na ọwọ́ sókè. “Pa á! Kí ni wọ́n ń wí níbẹ̀? Ọmọ tí kò tíì lórúkọ, a kì í kọ orin tá ò mọ̀dí ẹ̀ sí i létí.”

“Kung fu ni, Daddy!” ọmọ Abbey Wood ké látẹ̀yìn. Gbogbo hall bú sẹ́rìn-ín.

Ẹnu mi yára jù mí lọ. “Àdúrà ni, sà! Wọ́n ń wúre fún ọmọ ni.”

“O gbọ́ èdè wọn?”

“Dáadáa, sà.” Ọlọ́run ló mọ̀ pé mi ò gbọ́ ẹyọ kan.

Mummy ti mọ ọmọ wọn. Wọ́n ní, “Ẹni tó ni orin mà wà níbí, ẹ jẹ́ ká bi í.” Auntie Okinawa dìde pẹ̀lú kúlà ẹja ẹ̀. Ó ń sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, mummy ń túmọ̀: ìyá àgbà kan ló dúró létí òkun, ó ń bẹ àwọn atẹ́gùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwọ ti ìlà oòrùn, jọ̀ọ́, má jí ọmọ mi. Ìwọ ti ìwọ̀ oòrùn, bá mi gbé bàbá ẹ̀ délé. Kó tó dé ìkẹta, àwọn ìyá àgbà ti ń ké “Àmín!”

Mo na àyà síta. “Mo sọ àbí mi ò sọ?”

“Tẹ̀ ẹ́, jàre,” ni Daddy wí.

Ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ gba ègbè. Wọn ò gbọ́ èdè, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti ń gbe orin, kó tó pẹ́ gbogbo hall ti ń gbè é. Nígbà tó kan ká fún ọmọ lórúkọ, Auntie náà sọ owó sínú abọ́ omi, ó ní, “Hana.” Daddy béèrè ìtumọ̀ ẹ̀. Ó ní òdòdó ni. “Hana, o ò ní rọ o!” “Àmín!”

Mo wá tẹ èyí tó yára. Ará ṣọ́ọ̀ṣì, ta ló ń kọ́ wọn ní ọwọ́ nínà sókè? Ọrùn ọwọ́ yíyí nìkan ni Auntie fi kọ́ wọn. Àfi bí mo ṣe rí ọmọ Abbey Wood tó ń wọ́ sípíkà ẹ̀ wọlé látinú vàn. “Bruv, tìẹ kéré jù. Wáyà dà?”

Ẹni tó bá bi mí báyìí nípa ẹgbẹ́ olórin yẹn, ohun tí Auntie sọ fún mi lórí ferry ni mo máa ń sọ fún un: bẹ̀rẹ̀ láti ara ìyá àgbà etí òkun, kó o fi ọlọ́wọ́-sókè parí ẹ̀. Mo ti ń pariwo kiri nígbà yẹn pé etí mi mọ orin. Àṣé òótọ́ ni. Ó gbọ́ àdúrà kí èmi tó mọ̀ pé àdúrà ni.

Hana ti ń lọ sílé ìwé. Ìwà mi ló jọ: tí n bá fi kásẹ́ẹ̀tì sí i, ìka ẹ̀ ti dé orí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń sáré e síwájú. Mo máa ń di ọwọ́ ẹ̀ mú. “Dúró. Jẹ́ kí ìyá àgbà bẹ atẹ́gùn tán ná.” Ó ti wá mọ̀ ọ́n báyìí. Tí Crossness bá ti fẹ́ òórùn ẹ̀ dé, òun ló máa ń sáré lọ sójú fèrèsé lọ kọrin bẹ̀ ẹ́. Crossness ò gbọ́ rí o. Ṣùgbọ́n àwa tá a wà nínú ilé, a máa ń gbè é kó tó di pé a ti fèrèsé.