Irú Ìyá Àgbà ní Ọ̀sẹ̀ Ìrékọjá

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ayégbajú-Èkìtì, ọ̀sẹ̀ kan wà lọ́dún tí n kì í lè sùn dáadáa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tó jẹ́ pé aṣọ tuntun àti ìrẹsì ni ẹ fi mọ ọdún Àjíǹde, ẹ lè máà mọ ohun tí mò ń sọ. Ìjọ kékeré kan ni bàbá mi ń lọ, àwa ìdílé díẹ̀ tí à ń péjọ sínú ilé alámọ̀ kan lẹ́yìn ọjà. Àwọn ìjọ yòókù a máa jẹ Oúnjẹ Olúwa lóṣooṣù. Tiwa, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni, ní ìrọ̀lẹ́ Ìrékọjá, pẹ̀lú àgùntàn tí a fi iná sun, ewúro tútù àti àkàrà aláìwú, bí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ṣe jẹ ẹ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ kúrò ní Íjíbítì. Bàbá Alàgbà, olórí ìjọ wa, a máa sọ pé ìdí oúnjẹ yẹn gan-an ni Jésù ti mú àkàrà àti ife, pé kò yẹ kí á já ọmọ gbà lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Kí ọjọ́ náà tó pé, gbogbo ìwúkàrà gbọ́dọ̀ kúrò nílé. Ti búrẹ́dì rọrùn, a ò kúkú rí i jẹ lójoojúmọ́. Ilé ìdáná ni wàhálà wà. Àwọn ìyá ìjọ jókòó, wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ náà wò: ògì ńkọ́? Fùfú ńkọ́? Bàbá Alàgbà dájọ́ pé ohunkóhun tí a bá rẹ tàbí tí a bò mọ́lẹ̀ kó tó di jíjẹ, tàbí tó ń hó fúnra rẹ̀, ìwúkàrà ni. Bí ògì ṣe lọ nìyẹn, fùfú lọ, ẹmu náà lọ (àwọn bàbá kan mí kanlẹ̀ níbẹ̀), irú sì bá wọn lọ. Iyán nìkan ni iyì rẹ̀ kò dín kù. Ṣùgbọ́n kí ọmọ Èkìtì fi ọbẹ̀ tí kò ní irú jẹ iyán fún odidi ọ̀sẹ̀ kan! Ìyá mi a se ẹ̀gúsí, wọn a fi ìsápá sí i, wọn a fi ẹja gbígbẹ sí i, síbẹ̀ ṣe ni a máa ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń gba oògùn.

Àìsí irú kọ́ ló ń lé oorun lójú mi. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọ̀sẹ̀ náà, bàbá mi a ka ìtàn áńgẹ́lì tó la Íjíbítì kọjá tó ń pa àwọn àkọ́bí, àti ẹ̀jẹ̀ àgùntàn tí àwọn ènìyàn fi kun òpó ìlẹ̀kùn kí ó lè ré wọn kọjá. Àkọ́bí ni bàbá mi. Àkọ́bí ni ẹ̀gbọ́n mi Dáre, ẹni tó máa ń pọ̀n mí kọjá odò nígbà òjò. Èmi ni mo tẹ̀ lé e. Mo máa ń wo òpó ìlẹ̀kùn wa, n kì í rí ẹ̀jẹ̀ kankan níbẹ̀. Mo bi ìyá mi, wọ́n ní a kì í fi ẹ̀jẹ̀ kun ilé mọ́, kí n lọ fọ abọ́. Kò yé mi. À ń jẹ ewúro wọn, à ń jẹ àkàrà wọn, kí ló dé tó jẹ́ ohun tó gba àkọ́bí là nìkan ni a fi sílẹ̀? Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ibà dá Dáre dùbúlẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná, ó ń gbọ̀n, kò jẹun. Wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n fún un ní àgbo dóńgóyárò. Èmi a máa dọ́gbọ́n lọ fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Ohun tó wá burú jù ni pé mo mọ ohun tí bàbá mi kò mọ̀. Yàrá Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ni mo ń sùn, irú ni Ìyá Àgbà sì ń ṣe tà. Wọn kò bá bàbá mi lọ sí ìjọ tuntun, Áńgílíkà tí wọ́n bí wọn sí ni wọ́n ń lọ, láti ìgbà náà ni ìyá àti ọmọ kò ti jọ jẹ Oúnjẹ Olúwa mọ́. Níbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Mo yọjú wò ó. Agbọ̀n irú ni, wọ́n ti fi ewé àti àpò bò ó, ó ti ń gbóná. Yàrá wa wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, bàbá mi kì í sì í débẹ̀.

Mo rán Ìyá Àgbà létí òfin. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, urú tó ti ń gbóná, a kì í ṣí i. Jẹ́ kó jinná."

Nínú ìjọ wa, kí á tó jẹun, ọmọdé kan ló máa ń dìde béèrè ìdí ìsìn náà, Bàbá Alàgbà a sì dá a lóhùn. Lọ́dún yẹn èmi ló kàn. Ìyá mi ti kọ́ mi ní ìbéèrè náà títí mo fi mọ̀ ọ́n lórí: "Ẹ̀yin bàbá wa, kí ni ìdí tí a fi ń jẹ oúnjẹ yìí?" Nígbà tí oòrùn ń wọ̀ lọ́jọ́ Ìrékọjá, a fi Dáre sílẹ̀ ti Ìyá Àgbà, ara rẹ̀ ṣì gbóná. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, a wẹ ẹsẹ̀ ara wa. Àgùntàn tí wọ́n rà lọ́jà Àsin ti jinná, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Wọ́n ní kí n dìde. Mo dìde, gbogbo ohun tí mo kọ́ sì fò lọ.

"Bàbá Alàgbà, ẹ̀jẹ̀ dà? Bọ̀dá Dáre ń ṣàìsàn, àkọ́bí sì ni. Urú wà ní ulé wa, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà." Ni mo bá bú sẹ́kún.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Díákónì ni bàbá mi, wọ́n sì ti jẹ́rìí níwájú ìjọ pé ilé àwọn mọ́. Òfin wa ni pé ilé tí a bá ti rí ìwúkàrà kò ní jẹ nínú Ìrékọjá ọdún náà. Bàbá mi wo Bàbá Alàgbà, Bàbá Alàgbà wo ilẹ̀. Ni bàbá mi bá wọ bàtà wọn, wọ́n di ọwọ́ mi mú, a gba ọ̀nà ilé, ìyá mi tẹ̀ lé wa. Wọn kò bá mi wí lójú ọ̀nà rárá. Ìyẹn gan-an dẹ́rù bà mí, torí bàbá mi kì í ṣe ẹni tó ń fi pàṣán dọ̀la. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pàṣán ni mò ń rò. Mò ń rò pé a ó bá òkú Dáre nílé.

Nígbà tí a wọlé, Dáre jókòó lórí ẹní, òógùn bò ó, ó ń jẹ iyán. Ọbẹ̀ náà ń ta sánsán, kò sẹ́ni tó nílò láti béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Ó ní ebi ń pa òun," Ìyá Àgbà sọ kí bàbá mi tó la ẹnu. "Ṣé kí n ní kó dúró dìgbà tí ẹ bá parí ùsìn yín ni?"

Bàbá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé Dáre lórí, omijé sì ń dà lójú wọn. Ọkàn tèmi kò tíì balẹ̀. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ni, áńgẹ́lì kò tíì kọjá.

Kò pẹ́ tí a gbọ́ àgò lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Alàgbà ló wọlé, wọ́n gbé àwo kan tí wọ́n fi aṣọ funfun bò dání. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kì í tóbi kí á fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu náà la fi ń sọ ọ́. Wọ́n ní ọmọ béèrè ọ̀rọ̀ nínú ìjọ, àwọn kò sì dá a lóhùn. Wọ́n gbé ife inú àwo náà wá síwájú mi, sóbò pupa tí a fi ń ṣe wáìnì ló wà nínú rẹ̀.

"O béèrè ẹ̀jẹ̀. Òun rè é. Àkọ́bí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló kú, kí tiwa má baà kú. A kì í fi kun ìlẹ̀kùn mọ́, mímu là ń mu ún." Wọ́n wá wo abọ́ ọbẹ̀ Dáre, wọ́n gbójú kúrò. "Ní ti ìyẹn, n kò rí nǹkan kan."

Wọ́n bu àkàrà fún bàbá mi, wọ́n bù ú fún ìyá mi, wọ́n sì yíjú sí Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà nu ọwọ́ mọ́ ìró wọn, wọ́n gbà á. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ìyá àti ọmọ tí wọ́n mu nínú ife kan náà. Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìkọ̀lé ni mò ń gbé báyìí, ìjọ mìíràn ni mo sì ń lọ. Inú ike pẹ́ńpẹ́ ni Oúnjẹ Olúwa ń bá wa lónìí, wáìnì nísàlẹ̀, àkàrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lókè. O ya bébà orí rẹ̀, o mu ún, ó tán kí akọrin tó dé ẹsẹ kejì orin. Ọ̀pọ̀ ọmọ kò mọ̀ pé àgùntàn kankan wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Àkọ́bí tèmi ń kàwé ní Ọ̀yẹ́. Kò jìnnà, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ọ̀nà wa ṣe dà, ẹ mọ irú àwọn tó ń jáde láti inú igbó. Tó bá ti wọ ọkọ̀, n kì í gbé fóònù sílẹ̀ lọ́wọ́ títí yóò fi pè mí. Mo gba ohun tí Bàbá Alàgbà sọ gbọ́, mo sì ń mu nínú ife náà lóṣooṣù. Síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà mí. Nígbà èwe mi, ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni ẹ̀rù fi ń bà mí lọ́dún, àgbàlagbà kan sì fi ẹsẹ̀ rìn wá sílé wa láti wá dá mi lóhùn. Báyìí, gbogbo ọ̀sẹ̀ ni, èmi sì ni àgbà tí àwọn ọmọ ń retí ìdáhùn lẹ́nu rẹ̀.