Èmi, Múlíkà àti Pẹpẹ Ìwé Tíṣà Fọlárìn

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí oko ẹ̀gẹ́ ṣì pọ̀ ju ilé lọ ní Ìkòtún, owó epo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn òbí wa ni. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí. Ìjọba fi owó kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, bàbá mi tó jẹ́ akọ̀wé sì ra tẹlifíṣàn. A wá ń fi sadíìnì jẹ búrẹ́dì láàárín ọ̀sẹ̀ bíi pé ọjọ́ Kérésì ni. Gbogbo ènìyàn ló ń kọ́lé. Eruku sìmẹ́ńtì ń bà lé aṣọ tí a sá, ó ń bà lé gààrí, a sì ń gbé e sínú irun lọ sí ilé ìwé.

Ilé kan náà ni èmi àti Múlíkà ń gbé, yàrá wọn kọjú sí tiwa. Télọ̀ ni bàbá rẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Mo fi oṣù díẹ̀ ju Múlíkà lọ, mi ò sì jẹ́ kó gbàgbé. A jọ ń pọnmi, a jọ ń ṣeré tẹ́ń-tẹ́ń, a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Síbẹ̀, orogún ni ìyá rẹ̀ máa ń pè wá, torí pé bí wọ́n bá ra bàtà fún ọ̀kan nínú wa, ojú èkejì á pọ́n títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ilé Tíṣà Fọlárìn, lọ́nà Ìgandó, ni owú gidi ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá yìí ti ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ fún ìwé ìròyìn rí kó tó fẹ̀yìn tì. Ó sọ pálọ̀ rẹ̀ di láíbìrì. Ìwé ìtàn alàwòrán tí à ń pè ní kọ́míìkì ló kún orí pẹpẹ, àwọn ará àdúgbò sì ń yá wọn kà. Ní àárọ̀ Sátidé, ó ń kọ́ àwa ọmọdé bí a ṣe ń yà á. A ó kọ́kọ́ gbálẹ̀, a ó pọnmi kún ìkòkò ìyàwó rẹ̀, kó tó jẹ́ kí a fọwọ́ kan pẹ́ńsù. Ẹni tó bá fi itọ́ sí ìka kó tó ṣí ìwé, ìkúnlẹ̀ ni yóò fi ọjọ́ yẹn ṣe, ọwọ́ méjèèjì lókè. Tíṣà ní itọ́ ò sí lára irinṣẹ́ ayàwòrán.

Ó kọ́ wa pé kí a fi ìlà pín ojú ìwé sí yàrá yàrá, kí a fi ènìyàn sínú yàrá kọ̀ọ̀kan, kí a wá ya òbìrí sókè orí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí a kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sí i. Bàbá mi ra báírò olóríṣiríṣi àwọ̀ fún mi láti Èkó. Múlíkà ò ní ju pẹ́ńsù kan lọ. Bébà àpò sìmẹ́ńtì, èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún tí eruku ò dé, ló ń ya tiẹ̀ sí. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń kóra jọ sí. Ó lè fa ìlà mélòó kan, kó di bàbá rẹ̀ tó ń fi ojú kan wá ihò abẹ́rẹ́. Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Èmi ni inú ń run.

Lọ́jọ́ kan, Tíṣà ní òun máa mú ìtàn ẹyọ kan nínú tiwa, òun á rán an pọ̀ bí ìwé, òun á sì gbé e sórí pẹpẹ kí àwọn ènìyàn máa yá a. Ó fi wá ṣẹ̀fẹ̀ pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lè débẹ̀. Mo fẹ́ kí ìwé mi wà lórí pẹpẹ yẹn ju bí mo ṣe fẹ́ aṣọ ọdún lọ. Mo sì fẹ́ kí ti Múlíkà má débẹ̀. Kí n má purọ́, èkejì yìí ló gbóná jù lọ́kàn mi.

Mo ya ìtàn bàbá mi tó ra tẹlifíṣàn, tí gbogbo àdúgbò wá ń kí i. Báírò ni mo fi yà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń dán gbinrin. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, bàbá mi ni mo kọ́kọ́ ń yà, lápá òsì níbi tí ọwọ́ mi ti ń bẹ̀rẹ̀, torí wọ́n ti kọ́ mi nílé pé àgbà la kọ́kọ́ ń fún ní ìjókòó. Lẹ́yìn náà ni mo ń wá àyè fún àwọn ọmọdé lápá ọ̀tún.

Nígbà tó di Sátidé, Tíṣà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó sì ní kí Múlíkà, nínú gbogbo ènìyàn, kà á sókè. Òsì la ti ń kàwé bọ̀ sí ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe kà á. Bàbá mi ní, "Káàárọ̀ o, ṣé dáadáa lo jí?" Ìgbà yẹn ni ọmọ tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ tó wá ní, "Ẹ káàárọ̀ sà." Nínú yàrá kejì, bàbá mi ní, "Ó ṣeun o, wàá ra tìẹ náà." Ọmọ wá ní, "Ẹ kú oríire tẹlifíṣàn." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà bọ́ jígí ojú rẹ̀. "Fúnmi, ìlú wo ni àgbà ti ń kí ọmọdé kí ọmọdé tó kí i?" Ó ṣàlàyé pé ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ là ń fi sápá òsì, ọmọdé ló sì ń kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kíni. Ọ̀wọ̀ tí mo fẹ́ fi wọ bàbá mi ti sọ ọ́ di ẹni tó ń kí ọmọ kékeré. Tíṣà ní kí n pa wọ́n rẹ́, kí n pààrọ̀ àyè wọn. Báírò kì í parẹ́.

Ewúrẹ́ tó jẹ ṣòkòtò oníbàárà bàbá rẹ̀ ni Múlíkà yà. Òun náà ti ṣi ènìyàn gbé níbì kan, àmọ́ ó ti fi rọ́bà pa á rẹ́, ó sì ti tún un yà. Ìtàn rẹ̀ ló gun pẹpẹ. Mo pòṣé, ó sì jáde ju bí mo ṣe rò lọ. Tíṣà ní kí èmi tí mo mọ òṣé pa máa nu pẹpẹ ní gbogbo Sátidé títí sáà á fi parí. Ẹ wo èmi tí mo dàgbà jù ú lọ, tí mò ń fi àkísà nu àyè ìwé Múlíkà! Àyè rẹ̀ ni mo wí, torí ìwé náà kì í sí níbẹ̀. Wọ́n á ti yá a lọ. Nígbà tí mo sunkún délé, ìyá mi bu dòdò fún mi. Ó ní, "Ṣé kí n lọ bá ẹ jí ìwé rẹ̀ gbé ni? Jẹun jàre." Mo jẹ ẹ́ tán, mi ò fún Múlíkà níbẹ̀.

Lónìí, ẹ̀gẹ́ ò sí ní Ìkòtún mọ́ àfi èyí tí wọ́n bá kó wá tà. Ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ni pálọ̀ Tíṣà. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í pọnmi nítorí pẹ́ńsù, wọn kì í kúnlẹ̀ nítorí itọ́. Ojú fóònù ni wọ́n ń ya tiwọn sí, èyí tí ò bá sì tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á fi ìka kan pa á rẹ́ tàwọ̀tàwọ̀. Mò ń jowú àwọn náà.

Múlíkà ti ya ìwé ọmọdé tó kún pẹpẹ odindi báyìí. Ó wá kí mi láìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi sì ya àwa méjèèjì sójú fóònù rẹ̀, Múlíkà lápá òsì, èmi lápá ọ̀tún. Mo ní kó pààrọ̀ wa kíákíá, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń dúró de ìgbà tí èmi náà máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ìka kan, ó ti parí. Mo wo Múlíkà bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Ó rọra gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó jókòó bí àgbà.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, Fúnmi. Ẹni tó wà lápá òsì ló ń kúnlẹ̀. Ó yá, kí mi."