Igi Páìnì Ọkọ Mi àti Omi Àlùwàlá

Inú fóònù ni mo ti gbọ́ ohùn ọkọ mi kẹ́yìn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé wa ní Òsì, mò ń bẹ ẹ̀gẹ́. Òun wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ní Ìlọrin, Hikmah ọmọ wa ló di fóònù mọ́ ọn létí. Mo rò pé yóò sọ bí ara rẹ̀ ti rí fún mi. Ohun tó bèèrè ni pé:

"Ìyá Hikmah, ṣé o ti yẹ wáyà ẹ̀ka ìsàlẹ̀ yẹn wò?"

"Wáyà wo? Bàbá Hikmah, ara yín ńkọ́?"

"Ara wà níbẹ̀. Wáyà yẹn ti ń jẹ igi. Mú púláyà, kí o gé e ní kékeré-kékeré. Má tú u o. Bí o bá tú u, ẹ̀ka á ṣẹ́."

Inú bí mi. Èèyàn wà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí dókítà mẹ́ta ń wọlé tí wọ́n ń jáde, igi ló ń bèèrè. Mo ní, "Ẹ máa bọ̀ wálé, kí ẹ wá fọwọ́ ara yín gé e. Èmi ò ní gé nǹkan kan."

Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀, ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àpò sìmẹ́ńtì nílẹ̀. Ó wá ní, "Ó dáa. O ṣeun." Hikmah gbé fóònù kúrò létí rẹ̀. Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti fi mọ́tò gbé e wálé, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ti sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé orí ọkọ mi ò pé. Abdulwahab lorúkọ rẹ̀. Òsì ni wọ́n bí i sí, iṣu ni bàbá rẹ̀ ń gbìn. Ó lọ sí iléekéwú, ó ka ìwé dé kíláàsì kẹta, wọ́n sì gbà á sí iṣẹ́ lébìrà nínú igbó ìjọba nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń rọ yẹ̀pẹ̀ sínú ọ̀rá, tí wọ́n ń fi kóró páìnì sí i, tí wọ́n ń ru ọmọ igi gun òkè lọ gbìn. Wọ́n ní bébà ni wọn yóò fi ṣe. Igi yẹn dàgbà, ó ga, ewé rẹ̀ rí bí ọwọ̀ tí a gbé dúró, bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i, ẹ ó rò pé omi ń ṣàn lókè. Bébà kankan kò tinú rẹ̀ jáde tí ojú wa rí. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí àwọn lébìrà máa lọ sílé, àwọn agégẹdú wá ń gé igi náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi padà sí oko iṣu. Èmi ń yan gàrí. Báyìí la ṣe ń gbé e.

Ọdún kẹjọ nìyí tó lọ sí igbó yẹn, ó ní òun fẹ́ wo bó ṣe kù. Ìrọ̀lẹ́ ló dé, orí rẹ̀ ṣófo, ó di nǹkan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ. Fìlà rẹ̀ ló fi wé e.

Mo pariwo. "Fìlà tí mo fọ̀ láàárọ̀ yìí?"

"Gbòǹgbò rẹ̀ ò gbọdọ̀ rí oòrùn," ó ní.

Igi páìnì kan ni, kò ga ju ìka ẹsẹ̀ mi dé orúnkún lọ. Láàárín àpáta ló ti hú. Ọkọ mi ní kì í ṣe ọmọdé igi, ó ní kí n wo èèpo ìdí rẹ̀ bó ṣe là, ó tó ọdún mẹ́wàá, àpáta ni kò jẹ́ kó nà.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ kó gbó láì dàgbà."

"Bíi tèmi?" Nítorí èèyàn kúkúrú ni mí.

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní, "Tìrẹ ti gbà mí lásìkò jù, n ò lè ṣe méjì." Ó sì ṣe méjì náà.

Hikmah ló fi hàn án nínú fóònù nígbà tó wá sílé fún Iléyá, pé àwọn ará Jàpáàn ń ṣe bẹ́ẹ̀, igi inú àwo, igi tó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí kò ga ju àga lọ. Bọ́ńsáì ni wọ́n ń pè é. Ní àdúgbò tiwa, igi aràrá ni gbogbo èèyàn ń pè é. Sikirat, àbúrò ọkọ mi obìnrin, a dúró lẹ́bàá rẹ̀, a fọwọ́ sí ìbàdí, a ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ẹgbẹ́ yín ń gbin kaṣú, ẹ̀yin ń gbin ìgbálẹ̀."

Ọdún àkọ́kọ́, kò ṣe nǹkan kan sí i. Inú bàsíà tó ti jo ló gbìn ín sí, pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́, èédú tó fọ́, àti yẹ̀pẹ̀ tó bù wá láti ìdí páìnì ńlá, nítorí ó ní páìnì kì í jẹun nínú ilẹ̀ àjèjì. Ọdún kejì, ó gba wáyà bàbà lọ́wọ́ ẹni tó ń tún fáànù ṣe, ó ń wé e mọ́ ara igi náà, ó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bó bá tẹ̀ ẹ́ lónìí, ó di oṣù tó ń bọ̀. Ọdún kẹta, ó gé orí rẹ̀ dànù, mo ń ké pé ó ti pa á. Kò kú. Ọdún kẹrin, ó ní kí obìnrin amọ̀kòkò kan bá òun mọ àwo pẹrẹsẹ, kó lu ihò mẹ́ta sí ìdí rẹ̀. Obìnrin náà ní láti ìgbà tí òun ti ń mọ ìkòkò, òun ò tíì rí ẹni tó sanwó kí wọ́n bá a lu ìkòkò rẹ̀ jo.

Bí òjò bá ti ń súnmọ́lé, ọ̀mùnú tuntun a yọ lórí ẹ̀ka, a dúró ṣánṣán. Àbẹ́là ló ń pè wọ́n. Kì í fi irin kàn wọ́n, ọwọ́ ló fi ń já wọn, ó ń ké Bìsìmílà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ewé tó gùn bí ọwọ̀ tẹ́lẹ̀ wá kúrú bí ìka. Lọ́dún kẹfà, bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ tí ẹ sì di ojú kan, ẹ ó rò pé igi ńlá lẹ̀ ń wò lórí òkè láti ọ̀nà Ìlófà.

N ò ní parọ́, mo jowú igi yẹn. Ìgbà tí ọkọ mi fi wà láyé, ó bá a sọ̀rọ̀ ju bó ṣe bá mi sọ̀rọ̀ lọ. Mo wá rí i pé bí mo bá jókòó tì í lọ́jọ́ Jímọ̀, tí mo ń bá a fa ewé tó ti pọ́n, yóò sọ̀rọ̀ fún èmi náà. Oje igi a lẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́, a óò fi epo pupa fọ̀ ọ́. Níbẹ̀ ló ti sọ fún mi pé òun gbin páìnì tí òun ò lè kà nígbà èwe òun, wọ́n gé gbogbo rẹ̀, kò sẹ́ni tó bi òun. Ọ̀kan yìí, kò ní sí ẹni tí yóò gé e.

Ọ̀rọ̀ omi ló máa ń bá àwọn èèyàn jà lé lórí. Iwájú ilé wa ni mọ́ṣáláṣí kékeré àdúgbò wà, ẹ̀gbẹ́ ògiri wa ni wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá. Ibẹ̀ náà ni oòrùn àárọ̀ ti ń kọ́kọ́ là, ibẹ̀ ló sì gbé igi náà lé, lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin. Bí ẹnìkan bá fẹ́ da ìyókù omi bùútà rẹ̀ sí i, ọkọ mi a ti pariwo láti inú ilé: "Páìnì kì í ṣe ìrẹsì o!" Òun nìkan ló ń bomi rin ín. Ìka rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ tì bọ yẹ̀pẹ̀. Bí ìka bá jáde pẹ̀lú òtútù, kò ní fún un ní nǹkan kan.

Nígbà tó kú, mo wọ tàkábà. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni opó fi ń jókòó sínú ilé. Fèrèsé yàrá mi kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá, ṣùgbọ́n pákó ni fèrèsé náà, n kì í ṣí i nítorí àwọn ọkùnrin. Lọ́jọ́ kẹjọ tí wọ́n ṣe fìdáù, Alfa Alameen ló ṣe wáàsí. Òun àti ọkọ mi jọ wà ní iléekéwú. Ó ní ẹni tó bá gbin igi sílẹ̀, sàráà tí kì í tán ni. Ó ní, "Ẹ wo igi tí Abdulwahab fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́. Ọyẹ́ dé yìí, òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá bu omi sí i, làádá rẹ̀ ń bá Abdulwahab nínú sàréè."

Wọ́n ní àmín. Mo gbọ́ tí bùútà àkọ́kọ́ dà.

Láti ọjọ́ náà, ìgbà márùn-ún lójúmọ́ ni. Ọkùnrin mẹ́wàá, méjìlá. Wọ́n á fọ ọwọ́, wọ́n á fọ ẹsẹ̀, wọ́n á da ìyókù sídìí igi. Mo jókòó sórí ẹní, mò ń gbọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, n ò bìkítà. Mo tilẹ̀ fẹ́ kí igi náà kú, nítorí òun ni ọkọ mi bèèrè, kò bèèrè mi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo jí lójú oorun ìyálẹ̀ta, mo rántí wáyà.

Mo pe Sikirat. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé igi yẹn wọlé. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má bomi sí i mọ́. Yóò rà."

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ìyàwó mi, ṣé làádá ẹ̀gbọ́n mi lo fẹ́ dá dúró?"

"Òun fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n bomi sí i."

"Ìgbà tó wà láyé nìyẹn. Ìgbà yẹn, kò nílò rẹ̀." Ó bú sẹ́kún. "Àní omi ni. Omi lásán tí wọ́n ń fi tu ọmọ ìyá mi lára, ó tún ń dùn ọ́. Èmi tí mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìgbálẹ̀ ni, mò ń bu tèmi sí i láràárọ̀."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Obìnrin tí ilẹ̀ sàréè ọkọ rẹ̀ kò tíì gbẹ, tó ń bá ará àdúgbò jà nítorí igi. Wọ́n á ní mo ti fẹ́ kọ́kọ́ pín ogún. Mo panu mọ́. Mo pa á mọ́ fún oṣù mẹ́ta àti ọ̀sẹ̀ díẹ̀, mo sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Kò sẹ́ni tó tún mọ̀ ọ́n ní gbogbo Òsì. Ẹ̀bi tó wà lọ́rùn mi nìyẹn, n ò ní gbé e fún Alfa, n ò ní gbé e fún Sikirat.

Lọ́jọ́ tí mo bọ́ aṣọ tàkábà, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ mìíràn, ìdí igi náà ni mo kọ́kọ́ lọ. Ewé rẹ̀ ti pọ́n bí ìyẹ́ adìyẹ tí ó kú. Ewédò ti bo ojú yẹ̀pẹ̀. Mo ti ìka bọ̀ ọ́, ó rì bí ẹni ti ìka bọ ẹ̀kọ, òórùn ẹ̀gẹ́ tí a rẹ fún fùfú ló sì jáde. Ẹ̀ka kan ṣoṣo ló kù tó tutù, ẹ̀ka ìsàlẹ̀, ti ọwọ́ òsì. Wáyà ti wọ inú rẹ̀ lọ, èèpo ti bò ó. Mo mú púláyà. Mo gé e ní kékeré-kékeré bó ṣe wí. Ibi mẹ́ta ni wáyà ti kọ̀ tí kò jáde, mo fi í sílẹ̀ kí n má baà bó ẹ̀ka náà.

Mo gbé àwo náà lọ sẹ́yìnkùlé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kírun Súhúrì, mo gbọ́ ọ̀pá Alfa Alameen lẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, bùútà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fọwọ́ tá búlọ́ọ̀kù tó ṣófo.

"Ìyá Hikmah, igi ọ̀rẹ́ mi dà?"

"Mo ti gbé e sẹ́yìn, Alfa."

"Kó má lọ pàdánù o. N ò fo ọjọ́ kan. Ìgbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, ọmọ ni mo rán."

Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi. Mo wo omi tó kún bùútà rẹ̀ dé ẹnu. Mo ní, "Ó ti mu tó, Alfa. Ó ti yó."

"Àlùhámúdúlílááì," ó ní. Ó da omi náà sílẹ̀, ó lọ kírun.

Ohun tó kù láti ṣe kò ṣòro láti sọ. Kí a yọ igi náà jáde, kí a da yẹ̀pẹ̀ tó rà nù, kí a gé gbòǹgbò tó ti bàjẹ́, kí a fi òkúta wẹ́wẹ́ tuntun sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkọ mi ṣe é lójú mi. Ṣùgbọ́n èmi ni mo máa ń di agboòrùn lé gbòǹgbò náà lórí, kí oòrùn má baà kàn án, ọ̀nà ni mo sì máa ń wò, mò ń kí àwọn tó ń kọjá. N ò mọ èyí tó ń gé nínú wọn, n ò mọ èyí tó ń fi sílẹ̀. Bí mo bá gé èyí tó ń gbé ẹ̀ka kan yẹn ró, ó parí.

Hikmah fi fídíò ránṣẹ́. Ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tó ń fi igi ṣóńṣó tú gbòǹgbò, ó ń sọ èdè tí n ò gbọ́. Mo wò ó títí fóònù fi kú. Hikmah ní, "Mọ́mì, mò ń bọ̀ lópin ọ̀sẹ̀, a jọ máa ṣe é." Ó sọ bẹ́ẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ méjì. Iṣẹ́ kò jẹ́ kó wá. Sikirat yọjú sẹ́yìnkùlé lánàá, ó rí igi náà. Ó jókòó tì mí, ó fi etí gèlè rẹ̀ nu ojú, ó sì bá mi bẹ ẹ̀gẹ́ tán.

Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta báyìí. Ẹ̀ka náà ṣì tutù ní ṣóńṣó. Igi náà ṣì wà nínú yẹ̀pẹ̀ tó rà yẹn, n kò tíì yọ ọ́.