Kò Sí Pèrègún Lójú Sánmà

Ọjọ́ tí èmi, àgbà Ìlobù, dì mọ́ àgbà Ìfọ́n lókè sánmà kò ní kúrò lọ́kàn mi títí ayé.

Láyé ìjọba ológun ni wọ́n fi bàálù kó wa láti Èkó lọ sí Àbújá, kí a lọ yanjú ọ̀rọ̀ ààlà oko tó wà láàárín ìlú wa méjèèjì. Wọ́n ṣe mí lóore: ẹ̀gbẹ́ Alàgbà Àlàmú ará Ìfọ́n, ẹni tí n kì í kí, ni wọ́n fi mí sí.

Lójijì, bàálù mìíràn yọ lójú fèrèsé, ó ń bọ̀ wá kọlù wá. Mo ké, "Yéè!" mo sì dì mọ́ Alàgbà. Òun náà ti so mọ́ mi lọ́rùn: "Ará Ìlobù, ẹ má fi mí sílẹ̀ o!"

Bàálù náà gba abẹ́ wa kọjá lọ. Omidan tó ń tọ́jú èrò rẹ́rìn-ín. "Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin bàbá. Àwa tó ń lọ síhà ìlà-oòrùn wà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà sókè. Àwọn tó ń lọ síhà ìwọ̀-oòrùn wà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. A kì í forí gbárí."

Alàgbà bi í pé, "Ta ló gbin pèrègún ààlà síbẹ̀?"

"Kò sí pèrègún, bàbá. Àwọn awakọ̀ jọ fẹnu kò ni."

A wo ara wa, a sì kẹ́gàn wọn: sánmà fẹ̀ tó báyìí, wọn kò mọ̀ ọ́n jà sí! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí Ìlobù àti Ìfọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí lọ́jọ́ náà nìyẹn. Bí a ti balẹ̀, a wọ ìpàdé, a sì fi gbogbo ọ̀sán bú ara wa lórí ilẹ̀ tí bàálù yóò fò kọjá kí ènìyàn tó sín tán.