Ṣùkú tí Mo Fi Orúkọ Ẹ̀gbọ́n Mi Bẹ̀

Òórùn àdín gbígbóná kì í béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lánàá, bí òjò ọ̀sán ti ń lu páànù ilé ìdìrí mi ní Sakété, mo gbé àwo àdín kékeré lé orí ẹyin iná. Oníbàárà kì í wá lọ́jọ́ òjò, irun ara mi ni mo fẹ́ tọ́jú. Àdín náà kò tíì gbóná tán tí òórùn rẹ̀ fi gbá mi mú, tí ó fà mí padà sẹ́yìn ilé ìdáná ìyá àgbà mi ní Towé, níbi tí mo jókòó sí láàárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí ọkàn mi ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n dé mọ́ inú ìkòkò.

Àsìkò yẹn gan-an ni ẹnì kan kan ilẹ̀kùn.

Ọmọ kan ni, kò lè ju ogún ọdún lọ. Ó fa fìlà bo ojú, omi òjò ń kán lára rẹ̀. Sẹ́mì, ọ̀kadà akérò, ló gbé e wá láti Porto-Novo.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló rán mi. Ó fẹ́ ṣègbéyàwó. Ó ní kí n wá di ṣùkú sórí ara mi, kí òun lè wò ó kí òun tó di tòun."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ kò ní orí ni?"

"Ó ní, Màmá. Iṣẹ́... iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó ráyè."

Ó ṣí fìlà. Irun rẹ̀ pọ̀, ó dúdú, ó ń dán. Kò sí ibì kan tó ta kókó nínú rẹ̀. Mo mọ irun tí ẹni tó ni ín fẹ́ràn nígbà tí mo bá rí i.

Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rù ló bà mí. Ẹnì kan ti wá báyìí rí, ní ìlú mìíràn tí n kò ní dárúkọ, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ àti irọ́ kékeré bí irú èyí. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí àwọn tó mú igi lọ́wọ́ fi dé. Láti ọjọ́ náà, apá òsì mi kò nà tán mọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo sì ti ń di irun àwọn obìnrin àdúgbò nìkan. Bí irú wa bá wá, àwa tí wọ́n bí ní ọkùnrin tí ọkàn wa sì ń gbé lọ́dọ̀ àwọn obìnrin, mo máa ń sọ fún wọn pé òwú ti tán. Onídìrí ni àwọn aládùúgbò ń pè mí. Orúkọ iṣẹ́ kì í dá ìjà sílẹ̀, mo fi bora bí aṣọ.

Mo ti la ẹnu láti sọ pé òwú ti tán, àmọ́ òórùn àdín kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ náà.

"Jókòó kí òjò dá ná," ni mo wí.

Nígbà tí ó jókòó, tí èmi náà jókòó, tí a ń gbọ́ òjò, ni mo rántí ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ máa ń bi mí lórí fóònù pé, "Màmá, ṣé irú wa wà láyé àtijọ́?" A wà. Mo wà níbẹ̀.

Ìbejì ni wọ́n bí wa, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, ẹni tó kẹ́yìn ni àgbà: òun ló rán àbúrò ṣíwájú kí ó lọ wo bí ayé ti rí. Ó dà bíi pé ìròyìn tí mo mú wá kò dára tó, nítorí ẹ̀gbọ́n mi kò hu eyín kan ṣoṣo tó fi padà síbi tó ti wá. Wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀, ère obìnrin kékeré kan tó ń wo ọ̀kánkán bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè, ìyá àgbà mi sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ènìyàn. Ohun tí wọ́n bá ṣe fún mi ni wọ́n máa ṣe fún un. Bí mo bá wẹ̀, a ó wẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá rán aṣọ mi, aránṣọ gbọ́dọ̀ gé díẹ̀ níbẹ̀ fún un. Èmi ni wọ́n fún ní iṣẹ́ fífi elú kun irun orí rẹ̀, elú aláró tí ó máa ń mú kí ìka mi dúdú fún ọjọ́ pípẹ́. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ mi.

Àárín ọ̀pẹ ni agbo ilé wa wà, lórí ilẹ̀ pupa tí kì í jẹ́ kí aṣọ funfun dàgbà. Bí àwọn obìnrin bá ń yan èkùrọ́ láti fi ṣe àdín, gbogbo wa la máa ń rùn ún, ènìyàn, ewúrẹ́, àti aṣọ tó wà lórí okùn. Ọjọ́ tó ṣáájú ọjà Pobè ni ọjọ́ irun. Àwọn ìyá wa á tẹ́ ẹní sábẹ́ igi ọsàn, ọ̀kan á jókòó láàárín ẹsẹ̀ èkejì, wọ́n á máa dì, wọ́n á máa tú, wọ́n á máa fi ọ̀rọ̀ ọkọ ọlọ́kọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo máa ń jókòó sí, mo ń bó ẹ̀gúsí. Ẹ̀gúsí tí mo bó lọ́dún tí mo pé mẹ́sàn-án fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bọ́ Pobè àti Igana pọ̀, nítorí mo ti ṣàkíyèsí pé ẹnikẹ́ni kì í bi ọmọ tó ń bó ẹ̀gúsí pé kí ló ń wá láàárín obìnrin. Mo mọ irun ìpàkó ẹlẹ́dẹ̀, mo mọ kòlẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣùkú, èyí tí gbogbo ìlà rẹ̀ ń gòkè lọ pàdé ara wọn lókè orí bí àwọn ará ilé tó ń lọ sípàdé, àwòrán rẹ̀ ni mo máa ń fi ìka yà sórí ilẹ̀ nígbà tí mo bá dá wà.

Lọ́dún yẹn ibà ṣe mí títí òjò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Wọn kì í fá orí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, irun mi sì hù dé ibi tí kò dé rí. Ara mi yá nígbà tí ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ìyá àgbà mi gbé èmi àti ère lọ jó ìbejì ní ọjà Pobè, bó ti máa ń ṣe lọ́dọọdún. Bàbá mi sì ti ń wá abẹ.

Mo ronú títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó di òwúrọ̀, mo purọ́ tó tóbi jù lọ láyé mi.

"Ìyá Àgbà, mo lálàá. Ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi. Ó ní irun kan náà ló ti wà lórí òun láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbẹ́ òun. Ó ní ó ti sú òun."

Ìyá àgbà mi gbé ife ẹ̀kọ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀n-ẹ́n? Kí ló wá ń fẹ́?"

"Ṣùkú. Ìlà mẹ́jọ. Ó ní kí ẹ fi òwú dúdú tó ń dán so ó lókè, kì í ṣe èyí tó ti ṣá. Kí ẹ fi ìlẹ̀kẹ̀ pupa kan sí i. Ó ní nígbà tó jẹ́ pé igi kò ṣe é dì, kí ẹ dì í sórí mi."

Ó fi ìka wọn gígùn irun mi. "Ó ṣàlàyé dáadáa," ni ó wí.

Bàbá mi fò sókè nígbà tó gbọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ló ń lọ ní Pobè, kò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ère. "Irun dídì? Lórí ọmọkùnrin? Kí n wá mú un lọ síwájú pẹpẹ pẹ̀lú ṣùkú?"

"Ó dáa," ni ìyá àgbà mi dá a lóhùn. Ó gbé ère náà, ó sì gbé e ka iwájú rẹ̀. "Fi ẹnu rẹ sọ fún Kẹ́hìndé pé o kò gbà."

Bàbá mi wo ère. Ère wo bàbá mi. Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì tó lè mú ọkùnrin kan ní Towé kọ̀ fún ìbejì lójúkojú.

"Títí di Sátidé," ni ó wí níkẹyìn. "Abẹ mi ti mú."

Báyìí ni mo ṣe bọ́ sáàárín orúnkún yẹn. Ìyá àgbà mi fi àdín gbígbóná ra àárín orí mi, ó fi ìlàrun rẹ̀, òòyà igi eléyín gígùn, la irun mi sí méjì, sí mẹ́rin, sí mẹ́jọ. Ó ń dùn mí dé ìdí eyín. Mo gbàdúrà pé kó má tètè parí. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá parí ìlà kan, mo ń fi ọwọ́ kàn án, ó ń gbá mi lọ́wọ́: "Fi í sílẹ̀, kò ní sá lọ." Nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ pupa wọlé tán, ó jẹ́ kí n wo inú omi agbada. Ojú tí mo rí nínú omi yẹn, bí ẹni tí mo ti ń dúró dè láti ọjọ́ pípẹ́ ni.

Ẹ̀yin ọmọ mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ti ọjà Pobè fún yín! Wọ́n so ìró mọ́ mi láyà, ìyá àgbà mi ń kọrin, àwọn obìnrin ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kó ìrèké àti ẹ̀wà sínú igbá wa. "Ẹ wo Kẹ́hìndé! Kẹ́hìndé ti padà dé!" Ìyá kan tó ń ta aṣọ, Alhájà kan láti Sakété, jáde láti inú ìsọ̀ rẹ̀, ó fi ìka méjì gbé àgbọ̀n mi sókè. "Ọmọbìnrin yìí," ni ó wí, "o mà rẹwà o." Ẹsẹ̀ mi dúró. Ẹnikẹ́ni kò tíì fi ọ̀rọ̀ yẹn kàn mí rí. Lẹ́yìn náà mo jó débi pé erùpẹ̀ bo igbá, ìyá àgbà mi sì ní kí n rọra, pé ẹ̀wà tí a ó jẹ ni.

Sátidé dé. Ìyá àgbà mi ló tú irun náà, ó ń rọra tú u, ìlà kan lẹ́yìn ìkejì.

"Ẹ̀jìrẹ́," ni ó wí, "ẹ̀gbọ́n rẹ kò hu eyín tó fi lọ. Níbo ló ti mọ orúkọ ṣùkú?"

Ẹni tó bá fi ìbejì purọ́, kí ló kù fún un? Mo ń dúró de ìyà, bóyá láti ọwọ́ rẹ̀, bóyá láti ọwọ́ ère tó ń wò mí lórí àpótí.

"Irun kò dùn mí," ni ó wí. "Ohun tó dùn mí ni pé o rán òkú sí mi. Ṣé mo burú tó bẹ́ẹ̀? Lọ́jọ́ mìíràn, ẹnu ara rẹ ni kí o fi bẹ̀ mí."

Bàbá mi fá orí mi, orí náà sì tutù bí àwo. Ṣùgbọ́n irun a máa hù. Lẹ́yìn ìyẹn, ní ọ̀sán òjò, tí bàbá mi bá wà lóko, mo máa ń wọ ilé ìdáná, mo máa ń sọ pé, "Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di irun," á sì dì í, bí kò tilẹ̀ ju ìlà méjì lọ, á tú u kí òjò tó dá. Nígbà tó kú, ìlàrun rẹ̀ nìkan ni mo béèrè fún. Lọ́jọ́ àwọn tó mú igi lọ́wọ́ tí mo sọ fún yín, mo fi ilé, jígí àti àga sílẹ̀, òun ló wà lọ́wọ́ mi bí mo ti ń sá.

Ìlàrun yẹn ni mo mú lánàá. Òjò ṣì ń rọ̀. Mo dúró lẹ́yìn ọmọ náà.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ yìí, kí ni orúkọ ọkọ tó fẹ́ fẹ́?"

"Ó ń jẹ́... ẹ jọ̀ọ́, Màmá... ó ń jẹ́ Ọkọ Ìyàwó."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà mo wí pé, "Ọmọ mi, ẹnu ara rẹ ni kí o fi bẹ̀ mí."

Ó gbé fìlà rẹ̀ kúrò lórí itan, ó fi í sílẹ̀. "Èmi ni, Màmá. Orí ara mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di irun."

Mo ti ilẹ̀kùn. Mo ṣí fèrèsé, nítorí irun fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Apá òsì mi ń ro mí, mo fi ọ̀tún ràn án lọ́wọ́. Ìlà mẹ́jọ.

Ayé ti yí padà. Inú ike ni àdín ń gbé báyìí, orí fóònù ni ẹ ti ń wo irun kí ẹ tó dì í, àwọn ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé wa ti di ilé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó lè wí nígbà náà pé, "Kẹ́hìndé ló rán an, ẹ fi í sílẹ̀," kò sí mọ́, kò sì tíì sí ohun tó rọ́pò wọn. Ẹ̀rù ṣì wà; n kò ní tàn yín. Àmọ́ inú dídùn tó máa ń ti àárín orí sọ̀ kalẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀ nígbà tí àdín bá kàn án, mo rí i lójú ọmọ yẹn nínú jígí, kò yí padà rárá.

Nígbà tí òjò dá, ó gbé fìlà rẹ̀. Fìlà kò wọlé. Ṣùkú náà ti ga jù. A wo ara wa, ẹ̀rín sì pa wá, lẹ́yìn náà ẹ̀rù dé. Mo bọ́ ìkórí aláró mi, mo wé e mọ́ ọn lórí, mo jẹ́ kí ṣóńṣó irun rẹ̀ yọ díẹ̀.

"Màmá, kò ga jù?"

"Ó ga bó ṣe yẹ kó ga."

Ó jáde. Mo dúró lẹ́yìn fèrèsé, ọwọ́ mi wà lára ìkọ́ ilẹ̀kùn. Sẹ́mì kan ń bọ̀, ó rọra, ó dúró. Ọkùnrin náà wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Àǹtí," ni ó wí, "ibo là ń lọ?"

Mo dúró títí ariwo ọ̀kadà náà fi rá lójú ọ̀nà Porto-Novo. Nígbà náà ni mo tún gbé àwo àdín mi padà sórí iná, nítorí irun ara mi ṣì ń dúró dè mí.